Ìyá Àgbá Tí Wọ́n Pè ní Ìyá Àgbà

Ẹsẹ̀ mi kì í gbé ojú kan. Bí mo bá jókòó síwájú ilé wa ní Ojú-Ọrẹ, kí àga tó gbóná mo ti dìde. Ìyàwó mi ní ẹ̀gún wà nídìí mi. Mo ní kì í ṣe ẹ̀gún, ogun ni. Ẹni tó bá ti dúró ti àgbá rí, tí ilẹ̀ ti mì tìtì lábẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ilẹ̀ tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ a máa fu ú lára. Ó di kó máa rìn kiri, kó lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀gágun ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Èmi kọ́ ni mo sọ ara mi bẹ́ẹ̀ o. Àwọn ni wọ́n sọ mí, èmi kàn ń jẹ́ ẹ ni. Mo ti sọ fún wọn pé nígbà ogun abẹ́lé, mo yin àgbá kan láti òdìkejì odò, ọta rẹ̀ fò lọ bá àwọn ọ̀tá níbi tí wọ́n ti ń se tíì, ó gbé kẹ́tùlù kúrò lórí iná, ó gbé e padà wá bá wa, tíì kò sì dànù. Wọ́n bi mí bóyá ṣúgà wà nínú rẹ̀. Mo ní àwọn yẹn kì í fi ṣúgà sí tíì, ohun tí wọ́n fi ń kanra nìyẹn. Mo tún sọ fún wọn pé èmi ni ọ̀gá gbogbo àgbá tó wà lójú ogun wa, pé bí mo bá gbé ọwọ́ sókè, àgbá á sọ̀rọ̀, bí mo bá sọ ọ́ sílẹ̀, á panu mọ́. Mo ra bẹ́rẹ́ẹ̀tì kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òkìrìkà ní Sango. Mo rí i pé bí mo bá ti dé e, irọ́ mi a máa nàró dáadáa.

Ṣùgbọ́n kò sí irọ́ tí kò ní ìyá, òótọ́ sì ni ìyá tèmi. Mo ṣe sójà lóòótọ́. Ìwé mi kò kọjá sítáńdáàdì tíríì nígbà tí mo wọ iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ́ wa ní òsì, wọ́n kọ́ wa ní ọ̀tún, kí a tó mọ ìyàtọ̀ wọ́n ti kó wa sínú ọkọ̀. Àwọn tí ẹ̀yìn wọn le ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àgbá ńlá. Àwa díẹ̀ la máa ń wà nídìí ọ̀kan, oníkálukú ló ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà ọ̀hún sì ni orúkọ rẹ̀. Nọ́ńbà Wáànù ni ọ̀gá, tẹlifóònù inú kòtò ló fi ń gba àṣẹ. Nọ́ńbà Tíríì ló ń fi ojú sí awò, tó ń fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí ẹnu àgbá fi ń lọ sókè tàbí wá sílẹ̀. Bí Nọ́ńbà Tíríì bá ṣi ọwọ́ yí, ẹ̀yin tí ẹ wà níwájú ẹ ti gbé e. Ọ̀rẹ́ mi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni Nọ́ńbà Tíríì. Nọ́ńbà tèmi ńkọ́? Ẹ ní sùúrù.

Èdè òyìnbó ni wọ́n fi ń pàṣẹ fún wa. Lóòdù! Kí a ki bọ́ǹbù. Fáyà! Kí a yìn ín. Sítóòpù, ẹ́ńdì ọ́fù míṣọ̀n! Kí a dáwọ́ dúró, iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n láàárín ara wa, èdè tiwa là ń sọ. Ọ̀rẹ́ mi ló sọ àgbá wa ní Ìyá Àgbá, nítorí ó sanra, ariwo rẹ̀ sì dà bí ti ìyá tí wọ́n jí adìẹ rẹ̀ jẹ. Bọ́ǹbù tí à ń kì sínú rẹ̀, ọmọ la sọ ọ́. Bí ó bá ti gbé ọ̀kan mì, a ó ní, “Ìyá Àgbá ti jẹ ọmọ! Gbé òmíràn wá!” Ìdí ló fi ń jẹun, ẹnu ló fi ń pọ̀ ọ́, kò sí irú ìyá bẹ́ẹ̀ láyé mọ́. Eré là ń fi í ṣe. Ẹni tí kò bá ṣe irú eré yẹn níbẹ̀ á bú sẹ́kún, bí ó bá sì bú sẹ́kún, kò sí ẹni tí yóò gbọ́, nítorí etí gbogbo wa ló ti di.

Ogun parí, mo padà sílé, sí Ọ̀tà tí wọ́n bí mi sí. Mo dáko díẹ̀ ní Alápòtí lórí ilẹ̀ bàbá mi. Oko ọ̀hún kò pẹ́ di ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní àsìkò yẹn, bí èèyàn bá gbin àgbàdo ní agbègbè wa, ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń hù. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá dé, yunifásítì tẹ̀lé e, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dé pẹ̀lú àpótí onítáyà, àwọn onílé gé yàrá kan sí mẹ́ta. Àwọn àlejò kún ìlú. Onígbàgbọ́ tó múra dáadáa ni wọ́n, wọ́n ń kí èèyàn tẹ̀ríntẹ̀rín, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i lójú wọn pé ẹ̀rù wa ń bà wọ́n. Wọ́n ti sọ fún wọn kí wọ́n tó kúrò nílé pé Ọ̀tà ni ibùdó àwọn àgbà. Ẹ mọ àwọn tí mò ń wí, àwọn tí a kì í dárúkọ wọn ní gbangba, tí wọ́n ní òru ni wọ́n ń ṣe ìpàdé. Bí ìyá arúgbó kan bá kí ọmọ wọn kú òwúrọ̀ ní Ọ̀tà, wọ́n á gba ààwẹ̀ lé e.

Ẹnu géètì ilé iṣẹ́ kan ní Sango ni mo ti tún bá ọ̀rẹ́ mi pàdé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Mẹ́gáàdì ni. Mo wá béèrè iṣẹ́, ó ní kò sí iṣẹ́, kí n máa lọ. Ohùn rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀. A dì mọ́ra wa títí ọkọ̀ tírélà fi há sẹ́yìn wa, tí awakọ̀ ń bú wa. Láti ọjọ́ náà, bí ẹsẹ̀ mi bá ti ń yún mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé e lọ. Kì í sọ̀rọ̀ ogun fún ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí pàápàá, gbogbo ohun tó mọ̀ kò ju pé bàbá òun ti ṣe sójà rí. Èmi ni mò ń sọ ti àwa méjèèjì.

Nígbà tó yá, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Apá òsì kú, ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọmọ rẹ̀ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Ìjòkó. Akọ̀wé ni ọmọ yìí ní yunifásítì ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ojú òpópónà lọkùnrin náà ń gbé ju inú ilé lọ. Ọmọ tó tọ́jú bàbá rẹ̀ ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ń wẹ̀ fún un, ó ń gé èékánná rẹ̀, ó ń ka oògùn ìfúnpá, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, sí i lọ́wọ́. Ohun tí kò lè tún ṣe ni ohùn. Ohùn ọ̀rẹ́ mi ti di pẹrẹsẹ bí ọ̀nà tí katakata ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́. Dò, re, mí, gbogbo rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin náà gbọ́ Yorùbá. Ẹni tí kò lè gbé ohùn sókè, tí kò lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tó sì fẹ́ sọ Yorùbá, ẹ̀yin ẹ fojú inú wò ó.

Ilé iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn ilé wọn tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Ẹ̀rọ ńlá kan ló ń gbé àwọn ògbólógbòó irin sókè, tí yóò sì jù wọ́n sílẹ̀: gbàǹgàlà! Ilẹ̀ á mì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó ṣẹlẹ̀ lójú mi, àwọn ará ìjọ ọmọ rẹ̀ ń gbàdúrà lọ́wọ́ nínú pálọ̀. Irin bọ́ sílẹ̀, ọ̀rẹ́ mi sì na ọrùn, ó kígbe látorí àga rẹ̀ pé:

“Fáyà!”

“Fáyà!” Gbogbo wọn dá a lóhùn.

Irin tún bọ́. “Lóòdù! Fáyà!”

“Lọ́ọ̀dù! Fáyà! Hálélúyà!”

Wọ́n fò sókè. Wọ́n ní Ẹ̀mí ti bà lé Bàbá, pé Bàbá ń pe Olúwa, Bàbá ń pe iná. Ọmọ rẹ̀ sunkún ayọ̀, ó wọ kíṣìnì lọ, ó se ìrẹsì. Mo wo ọ̀rẹ́ mi, mo wo àwọn tó ń jó, mo wo ìrẹsì. Mi ò jẹ́ ba inú ẹnikẹ́ni jẹ́. Mo jẹ tèmi tán, mo gba ọ̀nà Sango lọ, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lórí ọkadà.

Ọ̀rọ̀ kò dúró síbi ẹ̀rín. Ọmọ yìí ti ń wá oyún láti ìgbà tó ti ṣègbéyàwó. Ó lóyún, inú wọn dùn, oyún sì bàjẹ́. Wọ́n fi í pamọ́ fún bàbá, wọ́n ní kí ìfúnpá rẹ̀ má baà ru. Kò tíì gbádùn ara rẹ̀ tán ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó ń bu ẹ̀kọ fún bàbá rẹ̀, ni irin bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé. Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún sáfẹ́fẹ́, ó ń yí i roboto, ó sì fi ohùn pẹrẹsẹ yẹn sọ̀rọ̀ pé:

“Ìyá Àgbá ti jẹ ọmọ. Ó ti jẹ ẹ́. Gbé òmíràn wá.”

Abọ́ ẹ̀kọ bọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Ìyá Àgbà ló gbọ́.

Pásítọ̀ ìjọ wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ tó kàwé ẹ̀rọ ní yunifásítì, kò gba àgbọ́sọ. Ó wá jókòó ti Bàbá fúnra rẹ̀, ó sì fọ̀wọ̀ béèrè.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló jẹ ọmọ?”

“Ìyá Àgbá ni.”

“Ta ló ń gbé ọmọ fún un?”

“Àwa ni.”

“Ọmọ mélòó ló ti jẹ, sà?”

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ta ló lè kà á?”

Ẹ̀yin náà ẹ sọ, bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni pásítọ̀, kí lẹ máa rò? Ọwọ́ tó ń yí láfẹ́fẹ́ pàápàá, wọ́n ní ògo ọmọ rẹ̀ ló ń ká bí ẹni ń ká òwú. Wọ́n dá Sátidé. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì ìjọ yóò gbé e lọ sí orí òkè àdúrà kan, ọ̀sẹ̀ kan láìjẹ láìmu, láìlo oògùn, títí yóò fi jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó ń fi oògùn mú ìfúnpá sílẹ̀ láràárọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan láìmu omi dè. Nígbà tí mo gbọ́, n ò dúró wọ bàtà dáadáa. Ọmọ náà bá mi ní ẹnu géètì, kò ṣí i.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ọ̀gágun. Bàbá ń sùn.”

“Ìwọ ni mo wá bá. Ìyá Àgbá tí bàbá ẹ ń pè yẹn, ìbọn ni.”

“Ìbọn?”

“Ìbọn ńlá. Àgbá! Gbé ohùn ẹ sókè nígbẹ̀yìn: àgbá. Kì í ṣe àgbà.”

“Bàbá, mo gbọ́ Yorùbá.”

“Ìwọ gbọ́ ọ. Bàbá ẹ ni kò rí i sọ mọ́. Ohùn ti kú sí i lẹ́nu.”

“Ọmọ tí ìbọn ń jẹ ńkọ́?”

“Bọ́ǹbù ni. Eré la fi sọ ọ́ ní ọmọ.”

Ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní, “Bàbá, ṣé ìbọn tó gbé kẹ́tùlù náà ni?”

“Rárá o, ìyẹn... Ìyẹn yàtọ̀. Èyí jẹ́ òótọ́. Mo lè búra.”

“Ọjọ́ tí ẹ sọ ti kẹ́tùlù, ẹ búra.”

Mo búra lóòótọ́. Mo tilẹ̀ fi ìka kan ilẹ̀ kan ahọ́n.

“Wọ́n máa pa bàbá ẹ o,” mo ní.

“Ṣé ẹ rò pé inú mi dùn sí i ni?” Ó di irin géètì mú. “Bàbá mi ni. Kò sí ẹlòmíràn tí mo ní. Ṣùgbọ́n tí mo bá tún lóyún ńkọ́, Bàbá? Ṣé kí n máa gbé e sùn nínú ilé kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń...” Ó yí padà, ó wọlé.

Láti ọjọ́ náà di Sátidé, n kò mọ ibi tí mo sùn sí. Mo rìn dé Sango, mo rìn padà. Mo jókòó ní ibi tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe, mo dìde. Mo ń wá ẹnikẹ́ni tó lè bá mi jẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ àwọn tó wà nídìí àgbá yẹn pẹ̀lú wa, òmíràn ti kú, òmíràn ti padà sí ìlú tí n kò mọ̀. Mo sọ fún ìyàwó mi.

“Òótọ́ dé ẹnu òpùrọ́, ó wọ àwọ̀ àlejò,” ìyàwó mi sọ. “Ta ló máa fún un ní àga?”

“Ṣé ìwọ gbà mí gbọ́?”

“Mo gbà ọ́ gbọ́ nítorí pé ìwọ kọ́ ni akọni inú ìtàn yìí. Ó kúkú yà mí lẹ́nu.”

Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo dé bẹ́rẹ́ẹ̀tì mi, mo gun ọkadà. Òjò ti sọ ọ̀nà Ìjòkó di odò. Ọlọ́kadà ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, mo ń lù ú lẹ́yìn bí ẹni lu ẹṣin. Nígbà tí mo débẹ̀, bọ́ọ̀sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, awakọ̀ ń jẹ búrẹ́dì. Ṣọ́ọ̀ṣì náà kò ju gbọ̀ngán onípáànù kan lọ, ògiri kan ṣoṣo ló là á láàárín pẹ̀lú ilé iṣẹ́ onírin yẹn. Wọ́n ti gbé ọ̀rẹ́ mi kalẹ̀ sórí àga oníke láàárín, wọ́n yí i ká, wọ́n ń gbàdúrà, ọmọ rẹ̀ sì kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó da gèlè bojú.

Gbàǹgàlà! Irin bọ́ sílẹ̀.

“Fáyà!” Ọ̀rẹ́ mi kígbe.

“Fáyà!” Ìjọ dá a padà fún un, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí orí rẹ̀ ni wọ́n ń sọ iná náà lé báyìí.

Bí wọ́n ṣe ń pe fáyà ni òun náà ń pè é. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Mo rí i pé kò sí lọ́dọ̀ wa. Ó wà nídìí àgbá, gbogbo ilé yẹn sì ń pàṣẹ fún un kó máa yìnbọn lọ. Mo nàró lẹ́nu ọ̀nà, mo wú àyà mi, mo fi ohùn ọ̀gá tí mo ti fi ń jayé láti ọdún gbọọrọ kígbe:

“Sítóòpù! Ẹ́ńdì ọ́fù míṣọ̀n!”

Gbogbo wọn dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi yí ojú sí mi. Ó wò mí láti bẹ́rẹ́ẹ̀tì dé bàtà, ó tún wò mí láti bàtà dé bẹ́rẹ́ẹ̀tì.

“Síkìsì,” ó ní.

Mo fa bẹ́rẹ́ẹ̀tì mi bo ojú.

“Nọ́ńbà Síkìsì! Ta ló fún ẹ ní bẹ́rẹ́ẹ̀tì? Ìwọ tó ń ru bọ́ǹbù, ìwọ lo fẹ́ dá mi dúró? Ta ló fi ẹ́ jọ̀gá? Ọ̀lẹ. Lọ gbé ọmọ wá!”

Ẹ̀rín bú láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin méjì kan, ó sì kú sí wọn lẹ́nu nítorí ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn. Pásítọ̀ tẹ́tí sílẹ̀. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ti dìde. Ó ti pẹ́ tí kò gbọ́ kí bàbá rẹ̀ bú èèyàn ní gbólóhùn tó gùn tó yẹn, tí orí àti ìdí rẹ̀ bára mu.

“Bàbá,” ó bi í, “ọmọ wo ni kí wọ́n gbé wá?”

“Èyí tó jù lé mi lẹ́sẹ̀ ńkọ́!” Ó na ìka sí mi. “Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Ó jù ú lé mi lẹ́sẹ̀.” Ó ń gbìyànjú láti bọ́ sálúbàtà, ọmọ rẹ̀ bá a bọ́ ọ. Ọmọ-ìka ńlá ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ bí owó.

Ọmọ náà mú ẹsẹ̀ yẹn lọ́wọ́. “Ṣebí ẹ ti sọ fún mi pé ilẹ̀kùn ló tẹ̀ ẹ́.”

“Kí n sọ fún ọmọdé pé bọ́ǹbù?” ni ọ̀rẹ́ mi wí.

Ọmọ rẹ̀ wò ó, ó wá wo èmi. “Bàbá Ọ̀gágun, ṣé òótọ́ ni?”

Gbogbo ìjọ ń wò mí. Mo ṣí bẹ́rẹ́ẹ̀tì. “Ó yọ̀ lọ́wọ́ mi ni,” mo ní. “Òjò ń rọ̀.”

“Òjò kankan kò rọ̀!” ọ̀rẹ́ mi kígbe. “Gbé ọmọ wá!”

Kò sí ohun tó jọ bọ́ǹbù nítòsí àfi kẹ́ẹ̀gì kan tó wà lẹ́bàá pẹpẹ. Mo gbé e sí èjìká mi, mo sáré wá.

“Bàbá, òróró ìyàsímímọ́ nìyẹn!” Pásítọ̀ figbe ta.

“Ó fúyẹ́ jù,” ọ̀rẹ́ mi ní. “Ṣùgbọ́n kì í.”

Mo ṣe bí ẹni kì í. Òun náà tẹ̀ síwájú lórí àga, ó fi ojú kan sí awò tí ẹlòmíràn kò rí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí kẹ̀kẹ́, roboto, roboto, ó dúró, ó yí i padà díẹ̀. Ọwọ́ tí wọ́n ní ó ń ká ògo. Ó ní, “Rẹ́dì.” Ó ní, “Fáyà!” Bí ó ti wí i tán, ó ya ẹnu sílẹ̀ gbàgà bí a ti máa ń ṣe kí àgbá tó bú, ó fi ọwọ́ tó yè di etí ọ̀tún, ó sì ń gbìyànjú láti gbé èyí tó kú lọ sí etí òsì. Kò gbé e dé èjìká.

Ọmọ rẹ̀ ló bá a di etí òsì náà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ó sì gbé àyà ti orí rẹ̀. Irin kò bọ́. Kò sí ohun tó dún. Ṣùgbọ́n mo rí i tí ara àwọn méjèèjì gbọ̀n.

Ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi kò dúró. Ó tún padà sídìí kẹ̀kẹ́. “Gbé òmíràn wá.”

“Ẹ sọ fún un pé ó ti tó,” ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀ mí. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ ọ́.”

“Kò ní gbà lẹ́nu mi. O gbọ́ nọ́ńbà mi.”

“Lẹ́nu ta ló ti máa gbà á?”

Ọ̀rẹ́ mi fúnra rẹ̀ ló dáhùn, kò gbé ojú kúrò ní awò. “Tẹlifóònù dà? Àṣẹ ò tíì dé.”

Mo wo Pásítọ̀. Ó wọ kóòtù, ó so tàì, ó di máìkì mú lọ́wọ́, wáyà rẹ̀ sì wọ́ lọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wáyà tẹlifóònù tí ọ̀gá wa máa ń gbá mú nínú kòtò. Mo sún mọ́ ọn, mo sọ ọ̀rọ̀ náà sí i létí. Mo rò pé yóò bínú nítorí òróró. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó bi mí ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “Míṣọ̀n tàbí séṣọ̀n, sà?” Mo ní míṣọ̀n. Ó gbé máìkì sẹ́nu. Ohùn rẹ̀ gba inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá méjèèjì jáde, ó dúró ṣinṣin:

“Sítóòpù. Ẹ́ńdì ọ́fù míṣọ̀n.”

Ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi dúró. Ó yọ ojú kúrò ní awò. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó mí kanlẹ̀, ó sì wo gbogbo àwọn tó yí i ká bí ẹni tó bá àlejò nínú ilé tí kò mọ ìgbà tí wọ́n wọlé.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì yọ orí wọlé. Ó ní ṣé àwọn ṣì ń lọ ni, pé ọkọ̀ ń jẹ epo. Pásítọ̀ wo ọmọbìnrin náà, ó dúró dè é.

“A ò lọ mọ́, sà,” ó ní. “Ẹ dárí jì mí. Mò ń gbé Bàbá lọ sílé, kí wọ́n lo oògùn wọn.”

“Ẹ má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi,” Pásítọ̀ dáhùn. Ó rọra gba kẹ́ẹ̀gì òróró lọ́wọ́ mi, ó sì fi apá aṣọ rẹ̀ nù ún.

Àwọn ará ìjọ tú ká díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀, ó ń bá a wọ sálúbàtà padà, omijé ń bọ́ sórí ẹsẹ̀ ọ̀hún.

“Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́kún?” ọ̀rẹ́ mi bi í.

“Mo lóyún, Bàbá. Ó bàjẹ́.”

“Nígbà wo?”

“Ó ti ṣe díẹ̀.”

“Kò sẹ́ni tó sọ fún mi.”

“Ẹ̀rù yín ń bà mí ni.”

Ọ̀rẹ́ mi wo ọwọ́ rẹ̀ tó yè, ó yí i padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó gbé e lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó sì fi í síbẹ̀. Ó ní, “Ṣé o ti jẹun?”

Ó mi orí, kò tíì jẹun.

“Dìde,” ó ní. “Jẹ́ ká lọ jẹun.”